Wọ́n Ní Kí Papa Défun Má Kú Mọ́

                                                  B.P. 1146,
                                                  Gbossimé,
                                                  Lomé, Togo.
                                                  8 Oṣù Kejìlá, 1981.

Morìnsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ọláníkẹ́,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìmúra ọdún Kérésì tó ń bọ̀ lọ́nà. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọláníkẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá ọkọ rẹ ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọyẹ́ kò tíì ya gbogbo yín létè tán? Tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Etí òkun la wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, ètè mi a le bí awọ bàtà. A dúpẹ́, ara wa le, àwọn ọmọ wà. Victoria ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti ń fi Faransé bá mi jiyàn nínú ilé tí èmi fúnra mi ń gbálẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó lọ fi Faransé náà fọ abọ́.

Mo mọ̀ pé o máa ń sọ pé Felicia kì í kọ lẹ́tà àfi tó bá ní ohun tó fẹ́ fi yangàn. O ò purọ́. Mo ní ohun tí mo fẹ́ fi yangàn. Wá àga, kí o jókòó, torí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí bébà. Ọkọ mi, Bọ̀dá Moses tìrẹ, ni gbogbo Lomé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Màmá sì lọ wo eré rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Tún un kà kí o má baà rò pé mo ṣì í kọ.

O ti pẹ́ tí o ti fi wá sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú rẹ mọ. Ṣé o rántí eré ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún tí Togo gba òmìnira? Jékọ́bù ni wọ́n ń ṣe, bí ó ṣe ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn ikú. Gbogbo ọmọkùnrin tó dára lójú ló ń du Jósẹ́fù nítorí ẹ̀wù aláràbarà. Ọkọ mi kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ojú rẹ̀. Ojú ọkọ mi kì í ṣe ojú ọkọ ìyàwó, láti inú ìyá rẹ̀ ló ti gbó wá. Wọ́n lẹ òwú mọ́ ọn lágbọ̀n, wọ́n da pọ́dà sí i lórí, wọ́n ní kó lọ dùbúlẹ̀ kó kú. Ó súre tán, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó mí kanlẹ̀, ó sì kú. Morìn, o wà níbẹ̀! Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ figbe ta! Ìyàwó pásítọ̀ gbé garawa omi, ó dà á lé Jékọ́bù lórí, pọ́dà di ẹ̀kọ, òkú dìde ó ń húkọ́. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ eré ti rí ọkọ mi mú.

Láti ìgbà náà, kò sí arúgbó tí kò tíì ṣe. Ó ṣe Élì tó ṣubú sẹ́yìn lórí ìjókòó. Ó ṣe ọlọ́rọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí Lásárù bu omi wá. Nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Wọlé wá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré fúnra rẹ̀, mo ní ó parí, mo di ìyàwó ọba arẹwà lórí ìtàgé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Wọlé tí ojú rẹ̀ ń dán ló ń kọ ipò arẹwà fún. Fún ara rẹ̀, baba onílé ahun ló ń kọ, tàbí ọ̀mùtí, tàbí sójà àtijọ́ tó ń fi Faransé dá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́kun. Gbogbo wọn ló sì ń kú kí a tó ta aṣọ ìkélé.

Má rò pé eré lásán ni o. Aago ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Gbossimé, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, Kégué ló ń sá lọ, lọ́dọ̀ àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Kì í ta ayò. Ó kàn ń wò wọ́n ni. Yóò wá dé, yóò ní, 'Felicia, wò ó, bí arúgbó bá fẹ́ jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá àga, ìdí a wá máa tẹ̀ lé e.' Lọ́jọ́ eré, èmi ni mo máa ń da pọ́dà sí i lórí, tí mo ń fi àtàǹpàkò rà á mọ́ irun títí yóò fi rí bí ewú gidi. Tí mo bá ṣe tán, ẹ̀rù rẹ̀ a máa bà mí díẹ̀, ó ń dà bí ẹni pé bàbá ọkọ mi ni mo fẹ́.

O mọ̀ pé àwa tó ń sọ Yorùbá kò pọ̀ níbí. Kí ló ń gbé àwọn ará ìlú tó ń sọ Mina wá síbi eré wa? Kí ló ń gbé àwọn tí kò gbọ́ ju Faransé lọ wá? Ikú ọkọ mi ni. Ikú kò nílò ògbufọ̀. Wọn a fi ìbẹ̀rẹ̀ eré jẹ ẹ̀pà, wọn a máa bára wọn sọ̀rọ̀; tó bá ti di pé ó di àyà mú báyìí, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, áńkáṣíìfù á jáde. Wọ́n ti wá sọ ọ́ ní Papa Défun, ìyẹn Bàbá Olóògbé, ní Faransé tiwa níbí. Bí èmi àti rẹ̀ bá gba ọjà Adewui kọjá, àwọn obìnrin á máa kígbe pé, 'Bonjour, Papa Défun! O ti jí? Ọ̀run ńkọ́?' Òun náà á dá wọn lóhùn pé ọ̀run wà, ẹja ló wọ́n níbẹ̀. Wọn a rẹ́rìn-ín títí, wọn a sọ nǹkan sínú apẹ̀rẹ̀ mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní Lomé tí kò wo eré rẹ̀, ẹni náà sì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wa. O mọ ìtàn Màmá, ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ mẹ́ta ni Màmá ti sin kí ó tó bí ọkọ mi. Nígbà tí eléyìí dé, ẹnikẹ́ni kò bá a yọ̀, wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ni Màmá bá sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Moses tí pásítọ̀ fún un, ti ìwé ni. Dúrósinmí ni Màmá ń pè é títí dòní, bí ó bá sì pè é, kì í ṣe pé ó ń pè é lásán, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Jékọ́bù yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló wà tó ń dáná oúnjẹ ìkórè nígbà tí o figbe ta. Ó sáré wọlé, ó bá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ tí omi ń ro lára rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fà á lọ́wọ́ dìde, ó mú un lọ sílé pẹ̀lú òwú lágbọ̀n. Láti ìgbà náà kò dé ibi eré mọ́. Ó ní, 'Ẹni tí mo ní kó dúró sin mí, ẹ ní kí n wá wò ó bí ó ṣe ń kú? Ẹ máa wò ó lọ. Èmi ti wo irú rẹ̀ rí, wọn kò sì dìde.'

Kì í ṣe pé ó ń bínú o. Bí a bá ń lọ síbi eré, yóò gbàdúrà fún wa. Bí a bá dé, a óò bá a lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní í béèrè bóyá eré dùn tàbí kò dùn. 'O ti dé?' ni gbogbo ohun tí yóò sọ. Yóò wo ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀, yóò dìde, yóò wọlé lọ. Ọkọ mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá a gbé mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ó máa ń ní gbogbo ayé ló ti wo òun tán àfi ẹni tó bí òun.

Ó wá di ọdún yìí. Ìjọba ṣètò ọ̀sẹ̀ àṣà ní gbọ̀ngàn ńlá kan láàárín ìlú, wọ́n ní kí àwọn àlejò tó ń gbé Lomé náà mú eré wá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Àwọn àgbà wa pàdé, wọ́n jiyàn dáadáa (o mọ̀ wá), wọ́n sì mú ọkọ mi. Morìn, gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí, tí iná rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà! A kò gbé eré Yorùbá wọ irú ibẹ̀ rí. Ọkọ mi kọ eré tuntun, ó pè é ní Aṣọ Baálẹ̀. Baálẹ̀ arúgbó kan ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè dúró kó kú, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín aṣọ rẹ̀. Ní ìparí, baálẹ̀ á dìde lórí àga oyè, á di àyà mú, á sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, á sì ṣubú. Ikú yẹn ló fi gbogbo ọdún kọ́. Ó ń kú ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kú nílé ìdáná. Ó ṣubú lu ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ikú náà di òótọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba láti wo ìdánrawò wa, torí kò sí eré tó ń gun ìtàgé níbí tí ojú ìjọba kò kọ́kọ́ wò. Mùsé Norbert ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Atakpamé ni, Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé wọn, nítorí náà ó ń gbọ́ Yorùbá wa ju bí ó ti ń ṣe lójú lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Nígbà tí baálẹ̀ kú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi. Àfi bí ó ṣe dìde tó ní eré náà dára, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n 'Pas de mort.' Kò sí ikú. Baálẹ̀ kò gbọdọ̀ kú.

A rò pé àwàdà ni. Ó ní kì í ṣe àwàdà. Ó ní àwọn ọ̀gá sójà ni yóò jókòó síwájú. Bí olórí kan bá ṣubú lórí àga lójú wọn, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n á béèrè olórí tí à ń bá wí. Wọlé ní baálẹ̀ abúlé lásán mà ni. Mùsé Norbert ní òun mọ̀, pé ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa bi òun, wọ́n á kàn bi òun pé kí ló dé tí òun kò rí i. Ó wá yí sí Ifẹ̀ ilé rẹ̀, ó bẹ ọkọ mi ní ohùn kékeré. Ó ní ọmọ mẹ́fà ló ń jẹun lọ́wọ́ òun. (Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣèèṣì ṣí lẹ́tà yìí kí ó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà kó le dáadáa.)

Wọlé fárígá. Ó ní ká má lọ mọ́, ó ní kí la fẹ́ fi Papa Défun tí kò kú ṣe, taa ni yóò wá wò ó? Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn gbogbo wa, òun ló kàn lẹ́nu láti sọ ọ́. Ọkọ mi délé, kò jẹun. Ó jókòó síwájú àwọn aago rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nítorí pé ẹnì kan kú; n kò tíì rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nítorí pé wọn kò jẹ́ kí òun kú. Ẹ̀rín gbé mi, mo gbé e mì. Ó wò mí, ó ní, 'Felicia, kò sí nǹkan mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.' Ogún ọdún lé ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n wá ní kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kó wá.

Mo lọ bá Màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Mo ní, ẹ wá wo nǹkan, Màmá, ìjọba ní ọmọ yín kò gbọdọ̀ kú.

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, 'Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?'

Mo ní ìjọba ni.

'Ìjọba fúnra rẹ̀? Wọ́n ní Dúrósinmí kò gbọdọ̀ kú?'

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

'Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i?'

Mo ní wọn kò lu òǹtẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fi àwo ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀ padà, ó ṣa á díẹ̀. Ó ní, 'Láti ọjọ́ tí mo ti bí i lèmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi. Bá mi yọ ìró aláwọ̀ ewé mi síta, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Mò ń bọ̀ ní Sátidé.'

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó dìde dúró, ó tún jókòó. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù bà á, n kò mọ èyí tó ṣáájú. Ó fa bébà, ó tún ìparí kọ. Baálẹ̀ á dìde, á dárí ji àwọn ọmọ rẹ̀, á súre fún wọn, á padà jókòó. Ó parí. Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, gbogbo wa mọ̀.

Bí ìyẹn bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. A ń ṣe ìdánrawò ìkẹyìn, ó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó dìde lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà, gbìì, ó ti wà nílẹ̀. Wọlé kígbe pé, 'Ọ̀gá, ẹ tún ti kú!' Ó dìde, ó bẹ̀ wá, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún kú. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ṣe o, Morìn. Ohun tó ti di bárakú ni. Ó ní bí òun bá ti dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ òun ń rọ fúnra rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ pé ìjọba ti ṣòfin. Wọlé ní ká fi okùn dè é mọ́ àga, mo sì rí i pé kò ṣeré.

Bí a ṣe lọ sílé nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí ó bá ṣubú ní Sátidé, Mùsé Norbert wọ gàù, ẹgbẹ́ wa náà sì wọ gàù. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, kì í ṣe ìyẹn ló ń já mi láyà. Màmá ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó gbà láti wá, kó tún wá bá a nílẹ̀?

Ní Sátidé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ọ̀gá sójà wà níwájú pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Àwọn obìnrin Adewui wá lódindi, áńkáṣíìfù ti wà lọ́wọ́ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ta ló sọ fún wọn pé kò sí òkú lónìí? Mùsé Norbert dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń nu ọrùn. Mo da pọ́dà sí ọkọ mi lórí. Mo sáré bọ́ sínú èrò, mo jókòó ti Màmá. Ó ti wé gèlè, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Bí aṣọ ìkélé ṣe ká, tí arúgbó yẹn jáde tó ń fi ọwọ́ wá àga, Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ní, 'Taa ni baba yẹn?' Mo ní òun ni, mà. Ó ní, 'Irọ́ lò ń pa.'

Eré ń lọ, ó ń dùn. Wọlé ń pín aṣọ baálẹ̀ bí olè tó rí ilẹ̀kùn ṣíṣí, gbogbo gbọ̀ngàn ń bú u ní Mina. Ó wá dé ibẹ̀. Baálẹ̀ dìde. Mo rí ọwọ́ ọkọ mi tó ń rìn lọ sí àyà rẹ̀, mo ní Olúwa, gba àkóso. Ọwọ́ dé àyà. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ti bú sẹ́kún, ó ń ké pé Papa Défun ń lọ o! Orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Mo rí Mùsé Norbert tó fi ìwé tó mú lọ́wọ́ bojú. Ọkọ mi ń lọ sílẹ̀, Morìn, mo fi ojú mi rí i, ó ń lọ.

Ọwọ́ mi ṣàdédé bọ́. Màmá ti wà lórí ìdúró. Ó fi gbogbo ohùn tó ní láyé pè é:

'Dúrósinmí!'

Gbogbo gbọ̀ngàn yí orí padà. Ọkọ mi dúró ní ìdábẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣubú, kò dìde. Ó wá fi ohùn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ dáhùn pé, 'Mà!'

Ẹ̀rín bú. Kí ẹ̀rín tó tán, ó ti na ẹ̀yìn. Ó dojú kọ àwọn ọmọ baálẹ̀, ó na ọ̀pá sí wọn. 'Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó bí mi ṣì ń pè mí, ẹ̀yin ń pín aṣọ mi! Ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ?' Èyí kò sí nínú ohun tó kọ o! Ó já agbádá gbà lọ́rùn Wọlé. Ó lé wọn yí àga ká, arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, wọ́n ń sá ní tòótọ́, torí wọn kò mọ ohun tó kàn. Ó padà sórí àga, ọwọ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ìdí tẹ̀ lé e. Ó ní, 'Ẹ gbé oúnjẹ mi wá.' A kò ṣètò oúnjẹ kankan. Ablo (bí mọ́ínmọ́ín àgbàdo ni) àti ẹja díndín tí Wọlé fi pamọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n gbé jáde. Kò sí eré nínú ojú tí Wọlé ṣe. Ọkọ mi fọ ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bù, ó jẹ, ó lá ìka. Ó wo àwọn ọmọ, ó tún bù. Gbogbo èrò ń ka òkèlè rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Mina, ní Faransé, ní Yorùbá. Mo ti ń sọ pé ikú kò nílò ògbufọ̀. Ó jọ pé oúnjẹ náà kò nílò rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ jogún wá fọ abọ́. Wọ́n ta aṣọ ìkélé.

Ariwo yẹn! Mo rò pé òrùlé ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá iwájú dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n ní olórí tó dúró sórí àga rẹ̀ nìyẹn. Àwa tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, a rẹ́rìn-ín, a sì mọ ohun tí à ń rín. Kálukú gbọ́ ọ bí ó ṣe yé e. Mùsé Norbert gbá ọkọ mi mọ́ra, awò ojú rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì láàárín wọn, kò tilẹ̀ mọ̀. Láti Mọ́ńdè, wọ́n ti wá pè é láti Atakpamé, wọ́n pè é láti Cotonou, ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́ kí ó máa ṣe baálẹ̀ yẹn fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní Adewui, wọn kò béèrè ọ̀run lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo torí rẹ̀ mú gègé ni mo fi pamọ́ dé ìparí yìí. Mo mú Màmá lọ sẹ́yìn ìtàgé. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó fẹ́ dìde, Màmá ní kó jókòó. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbé omi àti ọṣẹ wá láti fọ pọ́dà. Màmá na ọwọ́, ó fi lé irun funfun yẹn, ó ń pa á rọra, síwá, sẹ́yìn. Ó ní, 'Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ, kò sí èyí tí mo rí eyín rẹ̀ pé. Ìwọ náà, bí mo ṣe ń tọ́ ọ, n kò jẹ́ kí ọkàn mi dé ìhín. Mo wá rí ewú lórí ọmọ mi lónìí.' Ọkọ mi tó ti pa gbogbo Lomé lẹ́kún fi orí lé ikùn ìyá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Mo rántí omi, mo ní kí n wá fọ orí. Màmá yíjú sí mi. Ó ní, 'Fi sílẹ̀. Má fọ̀ ọ́.'

Wàyí o, Màmá ti di alámòójútó. Ó ní ẹja yẹn kéré, pé ní Atakpamé kí baálẹ̀ jẹ iyán. Ó ní kí n kí ọ gidigidi. Ó ní ìwọ lo figbe ta lọ́jọ́ Jékọ́bù, òun náà ti figbe ta, ẹ ti di ọgbọọgba. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí Ọláníkẹ́ àti gbogbo ọmọ, kí ìyá ọkọ rẹ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣì rántí wa ní agboolé yín. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ ní Lomé lẹ́yìn ọdún, fi elùbọ́ rán an sí mi, àti èsì lẹ́tà yìí, kì í ṣe ìlà méjì bí ti ìjọ́sí.

Pọ́dà náà wà lórí ìrọ̀rí wa títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó funfun ní ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà. Láàárọ̀ yìí mo ká aṣọ ìrọ̀rí náà kúrò láti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo dúró lẹ́bàá garawa títí. Mo tún gbé e padà wọlé.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yangàn lásán ni mí,

Felicia,
ìyàwó Papa Défun, tó wà láyé.